Bí Màjàlà Bá Ń Bọ́ sí Àgbàlá
Ìtàn iná ìlú Paradise àti ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ wa

Àwọn baba wa a máa wí pé bí iná bá ń jó oko, màjàlà ni í ṣòfófó rẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó jókòó sí abà rẹ̀ ní àkókò ọyẹ́, bí kò tilẹ̀ tíì rí èéfín, tí kò sì tíì gbọ́ ìró igi tí ń jó, bí ó bá rí ewé dúdú kan tí afẹ́fẹ́ gbé wá tí ó sì balẹ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó mọ̀ pé a ti jẹ́ iṣẹ́ fún òun. Ó kù sí ọwọ́ rẹ̀ láti dìde tàbí láti jókòó.

Nínú Álímánáákì ti ọdún yìí a fẹ́ sọ fún yín ìtàn ìlú kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí màjàlà ti bọ́ sí àgbàlá àwọn ènìyàn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kí àṣẹ ìjọba tó dé etí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn kan dìde. Àwọn mìíràn jókòó. Àwọn mìíràn sì wà tí wọn ìbá dìde, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn, kò sì sí ẹni tí ó wá gbé wọn. Nítorí ti àwọn wọ̀nyí ni a ṣe kọ ìtàn yìí.

ÌLÚ TÍ A SỌ NÍ PÁRÁDÍSÈ

Orúkọ ìlú náà ni Paradise, èyí tí í ṣe Párádísè ní èdè wa. Ó wà ní ìhà àríwá ìpínlẹ̀ California, ní agbègbè Butte, lórí òkè gbọọrọ kan. Àfonífojì jíjìn wà ní ìhà ìlà-oòrùn rẹ̀, òmíràn sì wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, tó bẹ́ẹ̀ tí ìlú náà fi dàbí ẹni tí ó jókòó sí ẹ̀yìn ẹṣin. Igi páìnì ńláńlá ni ó ṣíji bo àwọn ilé wọn. Igi yìí ní ewé tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, tí ó máa ń gbọ̀n sílẹ̀ sórí òrùlé àti sí ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí ó bá sì gbẹ, ó ń gba iná kánkán gẹ́gẹ́ bí koríko bẹẹrẹ.

Àwọn tí ń gbé ibẹ̀ ní ọdún 2018 tó nǹkan bí 26,000. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ àwọn tí ó ti fẹ̀yìntì kúrò lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n wá síbẹ̀ nítorí pé ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, tí owó ilé kò sì wọ́n bí i ti àwọn ìlú ńlá tí ó wà létí òkun. Nínú ẹni mẹ́rin, nǹkan bí ẹnìkan ti lé ní ọdún 65. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi iye yìí sọ́kàn, nítorí a óò padà sí i.

Iná kì í ṣe àlejò sí wọn. Ní ọdún 2008 iná ìgbẹ́ wá sí etí ìlú náà, gbogbo ènìyàn sì bọ́ sójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà, tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ fi há mọ́ra wọn fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Lẹ́yìn èyí àwọn aláṣẹ ìlú jókòó, wọ́n gbèrò, wọ́n sì pín ìlú sí ẹkùn 14, kí a baà lè máa pe ẹkùn kọ̀ọ̀kan jáde ní tirẹ̀. Wọ́n tún pinnu pé, nígbà tí ewu bá dé, kí a sọ ọ̀nà ńlá tí a ń pè ní Skyway di ọ̀nà ìjáde nìkan, kí ọkọ̀ kankan má ṣe dojú kọ àwọn tí ń sá bọ̀. Ìpinnu rere ni. Ṣùgbọ́n ètò náà rò pé iná yóò rọra máa bọ̀, tí a ó fi lè pe ẹkùn kan tẹ̀lé òmíràn. Iná ọdún 2018 kò fún wọn ní irú àyè bẹ́ẹ̀.

OHUN TÍ Ó DÁ INÁ NÁÀ SÍLẸ̀

Ní ilẹ̀ California, ìgbà òtútù ni òjò wọn ń rọ̀. Ìgbà ooru wọn ni ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Ní ọdún 2018 òjò pẹ́ kí ó tó dé. Ó ti lé ní oṣù mẹ́fà tí òjò gidi ti rọ̀ kẹ́yìn ní agbègbè náà, gbogbo koríko àti ìgbẹ́ sì ti gbẹ ganrangan. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ gbígbẹ kan máa ń ti ìhà àríwá òun ìlà-oòrùn sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè wá. Ọyẹ́ tiwa náà, láti ìhà kan náà ni ó ti ń fẹ́ wá bá wa. Nítorí náà kò lè ṣòro fún yín láti mọ bí ó ti ń rí, nígbà tí ètè ń là, tí koríko sì ń ró wọ̀ọ̀wọ̀ọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n tiwọn a máa le ju tiwa lọ, nítorí pé ó ń gba inú àfonífojì tóóró kọjá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí à ń sọ yìí, agbára rẹ̀ ju 50 máìlì lọ ní wákàtí kan.

Ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná tí a ń pè ní Pacific Gas and Electric ní àwọn òpó irin gíga tí ó gbé wáyà kọjá lórí àwọn òkè náà. Òpó kan nínú wọn, nítòsí ìletò Pulga, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 100 ọdún. Ìkọ́ irin kékeré kan tí ó gbé wáyà rọ̀ sórí òpó náà ti ń jẹ díẹ̀díẹ̀ láti ọdún pípẹ́ wá, gẹ́gẹ́ bí ìkọ́ garawa ti máa ń jẹ nítorí fífì. Ní nǹkan bí aago 6 ààbọ̀ òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá, ọdún 2018, ìkọ́ náà ṣẹ́. Wáyà fì, ó kan irin òpó, ẹ̀ta iná sì bọ́ sórí koríko gbígbẹ tí ó wà nísàlẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ náà ti sọ fún àwọn ènìyàn ṣáájú pé ó ṣeé ṣe kí àwọn pa iná mànàmáná nítorí ìjì tí ń bọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò pa á. Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ yìí fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ níwájú adájọ́ pé òun jẹ̀bi ikú ènìyàn 84 tí òun kò mọ̀ọ́mọ̀ pa, òun sì jẹ̀bi iná tí ó sọ lódì sí òfin. Ẹ kíyèsí i: ohun tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kan gbé, tí a kò yẹ̀ wò bí ó ti yẹ, ni ó sọ odidi ìlú di eérú.

ÒWÚRỌ̀ ỌJỌ́ NÁÀ

Àwọn panápaná rí iná náà nígbà tí ó ṣì kéré, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó lọ síbẹ̀ tóóró, ó sì wà ní ẹ̀gbẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, débi pé wọn kò lè gbé ọkọ̀ omi wọn dé ibẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbé iná náà kọjá lórí wọn. Ìletò Concow ni ó kọ́kọ́ bá. Àwọn kan níbẹ̀ kò rí ọ̀nà mìíràn láti là bíkòṣe láti bọ́ sínú omi adágún tútù, níbi tí wọ́n wà títí ọwọ́ iná fi kọjá.

Láàrin Concow àti Paradise àfonífojì jíjìn kan wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ìbá rò pé àfonífojì náà yóò dá iná dúró, gẹ́gẹ́ bí odò ti í ṣe ní oko wa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ iná ni ó kọ́kọ́ rékọjá, màjàlà ni. Èèpo igi tí ń jó àti ewé páìnì tí ń jó fò kọjá lókè àfonífojì, wọ́n ń bọ́ sórí òrùlé, sínú koríko, sábẹ́ àwọn pákó ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kí aago mẹ́jọ tó lù, iná ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó ní ọ̀pọ̀ ibi lẹ́ẹ̀kan náà nínú Paradise. Ojú ọ̀run ṣókùnkùn bí òru, a sì ń tan iná ọkọ̀ rìn ní òwúrọ̀.

Ní nǹkan bí aago mẹ́jọ ni a kọ́kọ́ pàṣẹ pé kí àwọn ẹkùn ìhà ìlà-oòrùn jáde. Kí aago mẹ́wàá tó lù, àṣẹ ti kan gbogbo ìlú. Ṣùgbọ́n àṣẹ kò dé ibi gbogbo. Tẹlifóònù ni a fi ń rán ìkìlọ̀ náà, ó sì di dandan kí ènìyàn ti fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú kí ó tó lè gbà á; àwọn tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Iná sì tún jó àwọn ohun èlò tẹlifóònù fúnra wọn. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbọ́ ohun kankan láti ẹnu ìjọba. Aládùúgbò tí ó wá kan ìlẹ̀kùn ni ó sọ fún wọn. Ọmọ tí ó wà ní ìlú mìíràn ni ó pè wọ́n. Tàbí màjàlà tí ó bọ́ sí àgbàlá wọn. Àwọn tí ó gba ọ̀rọ̀ màjàlà gbọ́, tí wọ́n gbéra lójú ẹsẹ̀, kọjá lọ nígbà tí ọ̀nà ṣì ṣófo. Àwọn tí ó dúró láti di ẹrù, tàbí láti wò ó bóyá yóò rọ̀, ni wọ́n bá ọ̀nà ní híhá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn aya Lọ́ọ̀tì kò nílò àlàyé lórí èyí.

Ọ̀NÀ TÍ Ó HÁ

Ọ̀nà mẹ́rin péré ni ó ti inú Paradise sọ̀kalẹ̀ lọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Iná dí díẹ̀ nínú wọn mọ́ àwọn ènìyàn lójú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ sì rọ́ gìrọ́gìrọ́ sórí èyí tí ó kù. Ọkọ̀ tó èjìká pọ̀ mọ́ ọkọ̀, iná sì ń jó lọ́tùn-ún lósì. Àwọn táyà ń yọ́, gíláàsì ń gbóná débi tí kò ṣeé fọwọ́ kàn. Àwọn kan sọ ọkọ̀ wọn nù, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ sá. Àwọn kan kú nínú ọkọ̀ wọn.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àánú ni a ṣe ní ọjọ́ náà. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé-ìwé kan kó ọmọ 22 pẹ̀lú àwọn olùkọ́ méjì. Nígbà tí èéfín wọ inú bọ́ọ̀sì, ó bọ́ ẹ̀wù ara rẹ̀, wọ́n fa á ya sí wẹ́wẹ́, wọ́n fi omi díẹ̀ tí wọ́n ní rin ín, wọ́n sì fún àwọn ọmọ náà láti fi bo imú. Wákàtí márùn-ún ni wọ́n lò lójú ọ̀nà, gbogbo ọmọ náà sì là á já. Ní ilé ìwòsàn ìlú náà, èyí tí í ṣe ti ìjọ Adventist, àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn òṣìṣẹ́ gbé àwọn aláìsàn sínú ọkọ̀ ara wọn. Nígbà tí ọ̀nà dí mọ́ àwọn kan nínú wọn, wọ́n padà, wọ́n sì tọ́jú àwọn aláìsàn ní gbangba ibi tí ọkọ̀ òfúrufú máa ń balẹ̀ sí, níwọ̀n bí kò ti sí ohun tí ó lè jó níbẹ̀.

Bákan náà, àwọn panápaná kó nǹkan bí 150 ènìyàn tí kò lè jáde mọ́ jọ sí àyè ìgbọ́kọ̀sí ńlá kan láàrin ìlú. Ilé ń jó yí wọn ká, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé kò ní koríko, kò sì ní igi. Wọ́n sì là á já. Kí àgbẹ̀ fi èyí sọ́kàn: ilẹ̀ tí kò ní ohun tí ó lè jó sàn ju ilé lọ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

ÀWỌN TÍ KÒ JÁDE

Nígbà tí a wá inú eérú tán, iye àwọn òkú jẹ́ 85. A ti sọ ṣáájú pé nínú ẹni mẹ́rin tí ń gbé Paradise, nǹkan bí ẹnìkan ni ó ti lé ní ọdún 65. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí ó kú, àwọn tí ó ti kọjá ọjọ́ orí yìí ni ó pọ̀ jùlọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a bá nínú ilé wọn, tàbí lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Àwọn kan kò lè rìn láìsí kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Àwọn kan kò ní ọkọ̀, tàbí kí ojú wọn má gbà wọ́n láyè láti wà á mọ́. Àwọn kan kò gbọ́ ìkìlọ̀ kankan.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Ètò ìlú náà dá lórí ọkọ̀, ọ̀nà àti tẹlifóònù. Ẹni tí ó ní ọkọ̀, tí ó lè wà á, tí ó sì gbọ́ tẹlifóònù, ètò náà lè gbà á là. Ṣùgbọ́n ètò tí ó dá lórí ohun mẹ́ta yìí kò lè dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà tí kò ní ọ̀kan nínú wọn. Ènìyàn ẹlẹ́ran ara nìkan ni ó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ sì wà ní ọjọ́ náà. Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkó pàǹtí láti ẹnu ọ̀nà àwọn ilé. Ọ̀gá rẹ̀ ránṣẹ́ sí i pé kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí ó sá. Ṣùgbọ́n ó mọ ilé àwọn arúgbó tí ó wà lójú ọ̀nà iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ń yà wò wọ́n. Ó bá ìyá kan tí ó ti lé ní ọdún 90, tí ó dúró níwájú ilé rẹ̀, tí kò sí ẹnìkan pẹ̀lú rẹ̀. Ó gbé ìyá náà sínú ọkọ̀ pàǹtí, ó dè é mọ́ ìjókòó, wọ́n sì jọ jáde. Ọkùnrin náà kì í ṣe ọlọ́pàá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe panápaná. Ohun tí ó ní tí àwọn mìíràn kò ní ni pé ó mọ ẹni tí ń gbé inú ilé kọ̀ọ̀kan, ó sì mọ ẹni tí kò lè dá jáde.

LẸ́YÌN INÁ

Iná náà jó ilẹ̀ tí ó lé ní éékà 153,000. Ilé àti àgọ́ oríṣiríṣi tí ó run jẹ́ 18,804. Àwọn tí ó sá kúrò nílé ní gbogbo agbègbè náà ju 50,000 lọ. Òjò dé ní ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá, ó sì ran àwọn panápaná lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 25 ni wọ́n tó ká gbogbo rẹ̀ mọ́.

Àwọn ìjọ ní ìlú Chico, tí ó wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, ṣí ilé wọn sílẹ̀ fún àwọn tí iná lé jáde. Ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ti ń sùn pọ̀, àrùn kì í jìnnà: láìpẹ́ èébì àti ìgbẹ́ gbuuru bẹ́ sílẹ̀ nínú àwọn ibùdó náà, ó sì di dandan láti ya àwọn aláìsàn sọ́tọ̀. Èéfín iná náà fẹ́ lọ títí dé San Francisco, tí ó jìnnà ju 150 máìlì lọ, a sì ti àwọn ilé-ìwé pa níbẹ̀ nítorí pé afẹ́fẹ́ kò ṣeé mí. Nínú Paradise fúnra rẹ̀, májèlé tí a ń pè ní bẹnsíìnì wọ inú àwọn páìpù omi nítorí ooru iná náà, tí a kò fi lè mu omi ẹ̀rọ fún ìgbà pípẹ́.

Ohun kan ya àwọn tí ó padà dé ibẹ̀ lẹ́nu. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ilé ti jó di eérú, ṣùgbọ́n igi páìnì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣì dúró pẹ̀lú ewé tútù lórí. Èyí fi hàn pé kì í ṣe ọwọ́ iná láti inú igbó ni ó jó ọ̀pọ̀ ilé, bíkòṣe màjàlà tí ó wọ inú ewé gbígbẹ lórí òrùlé àti sábẹ́ pákó, àti ooru láti ilé kan sí èkejì. Nínú àwọn ilé tí a kọ́ gẹ́gẹ́ bí òfin ìkọ́lé tuntun ti ọdún 2008, tí òrùlé àti ògiri wọn kò tètè gba iná, nǹkan bí ìdajì ni kò fara pa. Nínú àwọn ilé àtijọ́, kò tó ẹyọ kan nínú márùn-ún.

Nígbà tí a ka ènìyàn ní ọdún 2020, àwọn tí ó kù ní Paradise jẹ́ 4,764. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń tún ìlú náà kọ́. Wọ́n ń ri wáyà iná mànàmáná mọ́lẹ̀, wọ́n sì ti gbé fèrè ìkìlọ̀ dúró káàkiri ìlú, kí ìkìlọ̀ má baà dúró lórí tẹlifóònù nìkan.

ÌMỌ̀RÀN FÚN ÀWỌN ÀGBẸ̀

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ òkèèrè ni èyí. Ní ọdún 1983, ọ̀dá àti iná ìgbẹ́ run ọ̀pọ̀ oko kòkó ní ilẹ̀ Gáná. Ní ilẹ̀ tiwa náà, nígbà ọyẹ́, iná tí ẹnìkan fi ń dáko tàbí tí ó fi ń lé òkété jáde a máa di iná tí ó jó oko ẹlòmíràn. Nítorí náà:

1. Ẹ má ṣe sun igbó ní ọjọ́ tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ gidigidi. Bí ó bá di dandan láti sun ún, kí ó jẹ́ ní àkókò tí ìrì ṣì wà nílẹ̀ tí afẹ́fẹ́ sì dákẹ́, kí ẹ sì ti sọ fún gbogbo ẹni tí oko rẹ̀ bá tiyín pààlà.

2. Ẹ ro ilẹ̀ yí oko àti abà ká, kí ó mọ́ títí dé erùpẹ̀. Odò àti àfonífojì kò tó láti dá màjàlà dúró. Nítorí náà, ẹ gbá ewé gbígbẹ kúrò lórí òrùlé àti nídìí ògiri, ẹ má sì ṣe to igi ìdáná ti ilé.

3. Ẹ má ṣe fi iná sílẹ̀ títí eérú rẹ̀ yóò fi tutù tí ọwọ́ lè kàn án.

4. Kí gbogbo agboolé mọ ọ̀nà méjì tí a lè gbà jáde, kì í ṣe ọ̀kan, kí wọ́n sì fi ẹnu kò sí ibi tí wọn yóò ti pàdé.

5. Iná a máa gun òkè kánkán ju bí ó ti í sọ̀kalẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe sá gun òkè níwájú rẹ̀. Bí ẹ kò bá lè sá mọ́, ẹ wá ilẹ̀ gbalasa tí kò ní koríko, tàbí ilẹ̀ tí iná ti jó kọjá, kí ẹ dojú bolẹ̀ níbẹ̀.

6. Ẹ tú ẹran sílẹ̀ kúrò lórí ìso. Ẹ má ṣe padà wọ ilé nítorí ẹrù.

ÌMỌ̀RÀN NÍPA ÌLERA

Èéfín a máa pa ènìyàn kí iná tó kàn án. Aṣọ tútù lórí imú dín eérú kù díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dá májèlé inú èéfín dúró. Nítorí náà ẹ má ṣe tìtorí rẹ̀ pẹ́ níbẹ̀. Kí a tètè mú àwọn ọmọ ọwọ́, àwọn aláboyún, àwọn arúgbó àti àwọn tí ó ní ikọ́ fée jìnnà sí èéfín. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá há, tàbí tí ó bá ń wú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ dúdú lẹ́yìn tí ó ti inú èéfín jáde, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, bí ó tilẹ̀ wí pé kò sí ohun tí ń ṣe òun.

Ẹni tí iná bá jó, ẹ da omi mímọ́ tútù sí ojú ibẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú. Ẹ má ṣe fi epo pupa, ẹyin tàbí ìyẹ̀fun sí i. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, kí ẹ sì gbé e lọ bá oníṣègùn. Nígbà tí ẹ bá ń sá fún iná, aṣọ òwú ni kí ẹ wọ̀, ẹ má ṣe wọ aṣọ náílọ́ọ̀nù, nítorí pé ó ń yọ́ mọ́ ara. Níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá sì ti sá sí, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun àti lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀.

Ó KU OHUN KAN

Gbogbo ìmọ̀ràn tí ó wà lókè yìí wà fún ẹni tí ó ní ẹsẹ̀ láti sá. Ṣùgbọ́n ní gbogbo abúlé wa ni a ti rí bàbá tí ojú rẹ̀ ti fọ́, ìyá tí eegun ìbàdí rẹ̀ kò gbé e mọ́, aláboyún tí ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn odi. Àwọn ọmọ wọn ti lọ sí Èkó tàbí sí ìlú òyìnbó. Ní Ọjọ́ Ìsinmi a máa ń rí i pé àyè wọn ṣófo nínú ìjọ, a sì máa ń wí pé, “Ara Màmá kò yá.” Ó dára kí a mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò lọ gbé Màmá ní ọjọ́ tí màjàlà bá bọ́ sí àgbàlá?

A bẹ̀ yín, kí ọyẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú ìjọ jókòó fún wákàtí kan, kí wọ́n sì ka àwọn tí kò lè dá jáde ní àdúgbò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n kọ orúkọ ẹni méjì sí iwájú orúkọ ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn: ẹni tí yóò kọ́kọ́ lọ gbé e, àti ẹni tí yóò lọ bí ẹni àkọ́kọ́ kò bá sí nílé. A ti fi ojú ewé kan sílẹ̀ ní òfìfo ní ẹ̀yìn Álímánáákì yìí. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ orúkọ wọn sí.